Sí Miina Sillanpää, láti ọwọ́ ẹni tó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí

Helsinki,
ìparí oṣù kẹsàn-án

Ìyá wa Miina,

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí àsíá lójú òpó ní ìlú yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, mo rò pé àwa ni wọ́n ń bá ṣọdún. Mo jáde nílé ní ìdájí, òtútù ti ń yọ́ wọlé, mo rí àsíá funfun alágbèélébùú búlúù níwájú ilé ìjọba, mo rí i níwájú àwọn ilé alájà, mo rí i níwájú ilé-ìwé. Mo ní háà, Fínlándì mọ̀ pé òní ni òmìnira Nàìjíríà! Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n mi kan tilẹ̀ dáhùn pé ó dára bí òyìnbó kan ṣe ń rántí wa. Ó tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé ẹ̀yin, ọmọ ọ̀dọ̀ tó di aṣòfin níbí, ni wọ́n ń ta àsíá fún, àti pé láti 2016 ni wọ́n ti ń ta á lọ́jọ́ yẹn ní orúkọ yín.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí. Màmá kan wà lára àwọn tí mo máa ń lọ wẹ̀ fún, wọ́n ti lé ní 90 ọdún, etí wọn ṣì dá ṣáṣá. Àwọn ni mo bi léèrè lọ́dún náà pé kí ni wọ́n ń fi àsíá ṣe. Mo ń retí kí wọ́n dárúkọ orílẹ̀-èdè mi. Wọ́n ní, “Miina ni. Miina wa.” Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ti rò fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n wá sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà ní ọmọ ọdún 17, kotiapulainen ni àwọn nínú ilé olówó kan ní Helsinki. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ọmọ ọ̀dọ̀ níbí nìyẹn nígbà ayé wọn. Wọ́n sọ ọ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ṣe ń sọ pé òun ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní ìwọ ńkọ́, iṣẹ́ wo lo kọ́kọ́ ṣe láyé rẹ?

Mo ní mo ń bá ìyá mi ta búrẹ́dì.

Ìyá mi kò ta búrẹ́dì rí. Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí wọ́n mú mi kúrò ní abúlé wa lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn wá sí ilé kan ní Ìbàdàn. Orúkọ mi kò bá mi wọ ilé náà. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà níbẹ̀ kí n tó dé ń jẹ́ Bísí, Bísí ti mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu, wọ́n ní àwọn kò lè máa kọ́ orúkọ tuntun lójoojúmọ́. Bí mo ṣe di Bísí fún ọdún 7 nìyẹn. Ọkọ mi kò mọ̀. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ọ̀dọ̀ àǹtí kan ni mo gbé ní Ìbàdàn, kì í sì í ṣe irọ́ tán, torí àǹtí náà ni mò ń pè é.

Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 1952 lẹ ti sùn. Nílé wa, a máa ń bá ẹni tó ti sùn sọ̀rọ̀, a sì gbà pé ó ń gbọ́. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí àwọn tí mo fẹ́ kí wọ́n yọjú kà á lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò sì gbọ́ Finnish tán lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti ń bá a jìjàkadì. Ọ̀mì la ta.

Lẹ́yìn irọ́ búrẹ́dì yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn yín kà, díẹ̀ díẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lórí fóònù mi.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1866 ni wọ́n bí yín ní Jokioinen. Ẹ kò yan àkókò dáadáa. Ọdún kejì ni òtútù kọ̀ tí kò lọ, tí yìnyín ṣì wà lójú adágún odò nígbà tó yẹ kí wọ́n ti máa gbin ọkà, tí ìrì dídì sì tún padà wá pa ohun tó hù. Àwọn ènìyàn há èèpo igi páìnì, wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè tó. Ní 1868 nìkan, nínú ènìyàn ọgọ́rùn-ún ní Fínlándì, bíi 8 ló kú. Ẹ̀yin ń kọ́ ìrìn nígbà náà. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, Dúrójayé ni à bá sọ yín. Àwọn òbí yín sọ yín ní Vilhelmiina, orúkọ bàbá yín sì ni Riktig.

Ní ọmọ ọdún 12, ẹ ti wà nílé iṣẹ́ òwú ní Forssa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé iṣẹ́ ìṣó, ní Jokioinen yín níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn yín máa ń sáré kọjá ibí yìí kí wọ́n lè tètè dé ilé aṣòfin. Èmi dúró díẹ̀, torí mo ní ọmọ ọdún 12 kan nílé báyìí tí mi ò lè rán kó lọ ra mílíìkì kó má gbàgbé ṣéńjì.

Nígbà tí ẹ pé 18, ẹ lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Porvoo. Ibẹ̀ lẹ ti pa orúkọ dà. Riktig, èdè Swedish ni, ó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní “gidi” tàbí “èyí tó tọ́”. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ ara yín ní Sillanpää, èdè Finnish, ìyẹn “orí afárá”, ibi tí afárá ti kan ilẹ̀. Vilhelmiina kúrú di Miina. Àwọn onímọ̀ ìtàn á ní àṣà ìgbà náà ni, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ju orúkọ Swedish nù fún ti Finnish. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi rí ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó fúnra rẹ̀ yan ohun tí wọn yóò máa fi pè é, mo sì pa fóònù dé, n kò kà á mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Òfin tó wà nílẹ̀ nígbà náà, ti ọdún 1865 ni. Ọdún kan gbáko ni àdéhùn ọmọ ọ̀dọ̀, ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni wọ́n ń pààrọ̀ ilé. Ẹni tó bá wọ ilé ọ̀gá kò lè ṣàdédé kúrò kí ọdún tó pé. Ọ̀gá lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ọmọ ọ̀dọ̀ tó ṣì kéré wí bí òbí ṣe ń bá ọmọ wí. Wákàtí iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ní ìlú ńlá, ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn, ẹ̀gbẹ́ ààrò, kí wọ́n lè tètè dáná lówùúrọ̀, kí wọ́n sì lè gbọ́ nígbà tí ọ̀gá bá dé lóru. Mo mọ oorun yẹn. Kì í ṣe oorun. Ènìyàn á kàn dùbúlẹ̀, etí rẹ̀ á wà lójúfò.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nípa yín ni pé nígbà tí ẹ rí ọ̀nà jáde kúrò nínú ilé ìdáná, ẹ kò sá lọ. Èyí tó mọ́ wa lára ni pé ẹni tó bá jàjà bọ́ nínú iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ á nu ojú rẹ̀, á yí ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, bó bá sì yá, òun náà á lọ sí abúlé lọ mú ọmọ ọlọ́mọ wá. Ní 1898, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Helsinki dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé kan tí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò níṣẹ́ lè sùn sí, pẹ̀lú ọ́fíìsì tó ń bá wọn wáṣẹ́, ẹ̀yin náà lẹ sì ń ṣàkóso rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ilé yẹn ni mo fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀ ju ìyókù lọ. Àwọn ènìyàn á máa yin òfin àti ìbò. Ẹni tí kò bá tíì ṣe iṣẹ́ náà rí kò lè mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ibi tí ènìyàn yóò sùn lálẹ́ òní. Ọmọ ọ̀dọ̀ kò lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé “ó tó” bí ẹní tó ń sùn lé bá jẹ́ ti ọ̀gá. Ìgbà kan wà tí mo di aṣọ mi sínú ọ̀rá ní Ìbàdàn, mo dé géètì, mo dúró. Mo mọ ọ̀nà Dùgbẹ̀. N kò mọ ẹnì kan ní Dùgbẹ̀. Mo padà wọlé lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́.

Ní 1905, ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ jáde, Palvelijatar, ìyẹn ọmọbìnrin tó ń sin ilé. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ olóòtú. Mo gbìyànjú láti fojú inú wo ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó fi ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ní ẹ̀gbẹ́ ààrò. Kí ni ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ṣe nígbà tó rí i?

Ọdún yẹn náà ni gbogbo Fínlándì daṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà. Ohun tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà bí ni ilé aṣòfin tuntun ní 1906, ẹni 200, tí ọkùnrin àti obìnrin tó bá pé ọdún 24 lè dìbò sí, tí obìnrin sì lè fúnra rẹ̀ dupò. Kò tíì sí orílẹ̀-èdè kankan lágbàáyé tí obìnrin ti wọ ilé aṣòfin. Wọ́n dìbò ní oṣù kẹta ọdún 1907, obìnrin 19 wọlé. Ẹ̀yin wà nínú wọn, lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ Social Democrat. Mimmi Kanervo wà níbẹ̀, òun náà ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí. Alexandra Gripenberg náà wà níbẹ̀, ọmọ ìdílé ọlọ́lá, obìnrin tí wọ́n ń fi oyè pè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró sórí ọ̀rọ̀ Gripenberg díẹ̀. Ó ti ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ yín, n kò ní pẹ̀gàn rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìjókòó yẹn. Irú ilé tí wọ́n bí i sí, irú yín ni wọ́n ń fi agogo pè níbẹ̀. Ní 1907, ìbò kan ni òun ní nínú ilé aṣòfin, ìbò kan ni ẹ̀yin náà ní. Bí mo ṣe kà á, mo rántí àǹtí mi ní Ìbàdàn, mo sì gbìyànjú láti fi èmi àti òun sórí àga méjì tó dọ́gba. Ọkàn mi kọ̀ ọ́. Mo ṣì ń rí ara mi níbi tí mo dìde dúró.

Ẹ̀yin jókòó. Ẹ sì gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó yẹ ilé aṣòfin wọlé: wákàtí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ìsinmi rẹ̀, ìwé àdéhùn rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yín pàápàá gbà pé òṣìṣẹ́ gidi ni ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lè dúró ná. Ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rójú. Ọba Rọ́ṣíà tú u ká ní 1908, ó tú u ká ní 1909, ó tún tú u ká ní 1910. Wọ́n á dìbò, wọ́n á jókòó, wọn á lé wọn, wọ́n á tún dìbò. Ẹ wọlé, ẹ jáde, ẹ tún wọlé. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣírò rẹ̀ ní 1947, ọdún 38 lẹ ti lò níbẹ̀.

Ogun abẹ́lé 1918 kọjá láàárín rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín gbé ìbọn, ẹ̀yin kò fara mọ́ ọn. Ju 36,000 ènìyàn ló kú nínú nǹkan bí oṣù mélòó kan, púpọ̀ nínú wọn nínú àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n lẹ́yìn tí ìbọn ti dákẹ́, nítorí ebi àti àrùn. Àwọn kan kò dárí ìkọ̀sílẹ̀ yẹn jì yín. Èmi kò mọ bí màá ṣe dá ẹjọ́ náà, n kò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní 1919, ẹgbẹ́ yín padà sí ilé aṣòfin pẹ̀lú ìjókòó 80, ẹ̀yin náà padà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1926, Väinö Tanner kó ìjọba jọ, ó fi yín ṣe mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ ìgbé ayé ará ìlú. Ẹ̀yin ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe mínísítà ní Fínlándì. Ọmọ 60 ọdún ni yín, ẹ kò sì wọ ilé-ìwé kan tó ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Ìjọba náà lo ọdún kan. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn yín, “ọmọ ọ̀dọ̀ tó di mínísítà”, ó dùn ún kọ sí àkọlé. Ó jọ pé ẹ̀yin fúnra yín kò kà á sí bàbàrà. Ọdún kan nínú ìgbé ayé ẹni 85 ọdún, kí lẹ óò ṣe é sí?

Èyí tó gba omi lójú mi ni èyí tí ẹ ṣe ní 1942, tí ogun wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ti lé ní 75 ọdún. Ẹ dá Ensi Koti sílẹ̀ ní Helsinki, “ilé àkọ́kọ́”, fún obìnrin tí kò lọ́kọ tó bímọ tí kò sì níbi tí yóò gbé ọmọ náà sí. Ní 1945, irú ilé bẹ́ẹ̀ di ẹgbẹ́ kan káàkiri orílẹ̀-èdè, ó wà títí di òní, obìnrin tí ọkọ ń lù náà ń sá wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti wà lọ́dọ̀ọ́ lẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó lóyún, nígbà mìíràn fún ọ̀gá rẹ̀ ọkùnrin tàbí ọmọ ọ̀gá, iṣẹ́ bọ́, ibùsùn bọ́, lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan nínú wọn bímọ níkọ̀kọ̀, ìkókó náà kò yè, ilé ẹjọ́ ló sì ń bá wọn parí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yéé bi obìnrin yẹn ní ohun tó ṣe, kí wọ́n fún un ní yàrá.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 13, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé kejì wa lóyún. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi eérú fọ ìdí ìkòkò. Ó gbé báàgì Ghana-must-go jáde ní alẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo àdúgbò wà lójú fèrèsé. Àwa yòókù, àwa ọmọ ọ̀dọ̀ ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà ládùúgbò, wọ́n pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ṣé a rí i, ṣé a ti rí ohun tí ìṣekúṣe ń fà. Ẹnikẹ́ni kò bi ọkùnrin kankan ní nǹkan kan. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní. Nígbà tí mo ka orúkọ ilé yín, ilé àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ni mo rí.

Mo ní ẹjọ́ kan láti bá yín rò, kí ẹ má rò pé oríkì nìkan ni mo wá kì. 1898 ni ẹgbẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ó di 1922 kí wọ́n tó pa òfin ọ̀gá àti ọmọ ọ̀dọ̀ àtijọ́ yẹn rẹ́ fún òfin àdéhùn iṣẹ́. Òfin tó wá dá dúró fún ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé, tó sọ̀rọ̀ wákàtí àti ìsinmi wọn, 1949 ló tó dé. Ẹ ti kúrò nílé aṣòfin nígbà náà, ẹ ti lé ní 80 ọdún. Ọdún 51! Ọmọbìnrin tó wọ ẹgbẹ́ yín ní ọmọ 20 ọdún ti di ẹni 71 kí òfin tó wá bá a. Ṣé ẹ kò ní sùúrù jù bí? Ẹ gbà gbọ́ nínú ìjíròrò, nínú ìgbìmọ̀, nínú kíkọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́ ilé dáadáa kí ọ̀gá lè bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí mo ka èyí tó kẹ́yìn yẹn, inú bí mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń se àmàlà tí kò ní kókó nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 10. Ọ̀wọ̀ wo ló tìdí rẹ̀ jáde?

Mo gbé ìbínú yẹn lọ bá màmá arúgbó mi. Mo ní Miina yín yìí, ó rọra jù. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Kí ló kàn ọ́ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?”

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Ní èdè Finnish tí kò tíì gún régé, pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, mo ní n kò ta búrẹ́dì. Mo ní kotiapulainen ni èmi náà, láti ọmọ ọdún 9.

Mo ti ń múra sílẹ̀ fún ìkáàánú. Mo mọ bí ojú àwọn ará ibí ṣe máa ń rí nígbà tí ọ̀rọ̀ Áfíríkà bá ti kan ọmọdé. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Wákàtí mélòó lójúmọ́?”

Mo ní mi ò mọ̀. N kò kà á rí. Ta ló ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní kí n fa dúrọ́ọ̀ kí n mú bírò jáde.

Wọ́n ní aago mélòó ni mo ń jí. Mo ní 5, kí n lè pọnmi kí omi tó lọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní aago mélòó ni mo ń sùn. Mo ní 10, bí kò bá sí àlejò. Wọ́n ní 17 nìyẹn. Mo ní ẹ dúró, wọ́n fi mí sí ilé-ìwé, mo gbọ́dọ̀ sòótọ́, wọ́n fi mí sí ilé-ìwé láti aago 8 sí aago 1. Wọ́n yọ 5 kúrò. Wọ́n bi mí bóyá mo ń jókòó jẹun. Mo rò ó. Mo ní mo máa ń dúró jẹun. Wọ́n ní nígbà náà, àwọn kò ní yọ nǹkan kan fún oúnjẹ. Wọ́n ní ọjọ́ Sunday ńkọ́? Mo ní ọjọ́ Sunday kò sí ilé-ìwé. Wọ́n ní owó oṣù ńkọ́? Mo ní bàbá mi ló ń wá gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n ní èló ni? Mo ní n kò mọ̀, bàbá mi sì ti kú.

Wọ́n fi bírò fa ìlà sábẹ́ 12. Ọmọ ọdún 9, wákàtí 12, yàtọ̀ sí ilé-ìwé. Wọ́n na ìwé náà sí mi, wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n ní omi ti ń tutù, kí n wá parí ẹ̀yìn wọn.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi báyìí. Èyí lohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nípa ọdún 51 yẹn: n kò tíì mú ẹ̀sùn mi kúrò, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ẹ ń kọ́ wọn nílé ẹgbẹ́ yẹn látọjọ́ 1898. Obìnrin tí kò bá yín pàdé rí, tó jẹ́ pé òfin 1949 ló bá lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni “wákàtí mélòó”. Ọ̀rọ̀ tí mo pè ní ìtìjú mi, wọ́n kà á sí iṣẹ́, wọ́n sì ṣírò rẹ̀.

Àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí lẹ́yìn wa, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ọmọ kan nílé báyìí tí kì í ṣe ọmọ yín. Àwọn kan nínú yín sì ni ọmọ náà tẹ́lẹ̀, bíi tèmi, ẹ sì ti sọ ọ́ di “mo gbé lọ́dọ̀ àǹtí kan”. N kò ní kí ẹ jáde síta. Ẹ wá bírò.

Ìyá wa, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá tún ti súnmọ́. Ilé ìjọba á ta àsíá, èmi náà á wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun mi, a ó se ìrẹsì ní gbọ̀ngàn tí àwa ará Nàìjíríà máa ń lò. Màá kọ́kọ́ gba Hakaniemi kọjá, ní òpópónà tí wọ́n fi orúkọ yín pè, Miina Sillanpään katu. Ọmọ mi tó jẹ́ ọdún 12 yóò bá mi lọ. Ó ti ń béèrè kí ló dé tí n kò fi gba ojú ọ̀nà tó yá. Mo ní mo fẹ́ fi orúkọ obìnrin kan hàn án, mo sì fẹ́ sọ orúkọ tí mo ń jẹ́ ní Ìbàdàn fún un.

Èmi ni tiyín,
Àbẹ̀kẹ́